Lẹ́tà Méjì Lábẹ́ Bíbélì

Ọjọ́ Ajé ni, nínú oṣù Keje, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ni lẹ́tà kejì dé. Aago yẹn dá mi lójú nítorí pé fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mò ń wo ìgbà tí U6, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, tó kàn máa dé nígbà tí mo gbọ́ ìró àpótí lẹ́tà nísàlẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ti dé ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, láti Berlin níbí. Hamburg ni èyí ti wá. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sọ: wọ́n ti gbà mí.

Ohun tí wọ́n gbà mí sí gba àlàyé díẹ̀. Ní Jámánì, èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá tí mo mú wá láti Nàìjíríà kò tó láti fi wọ yunifásítì. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ọdún kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Studienkolleg, kí n sì ṣe ìdánwò àṣekágbá níbẹ̀. Kíláàsì àwọn tó fẹ́ di dókítà ni M-Kurs. Àwa tí a fẹ́ ẹ pọ̀, àyè ò sì pọ̀. Máàkì wọn yàtọ̀ sí tiwa: oókan ló dára jù, ẹni tó gba ẹẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ni. Wọ́n á tún wá pín àárín wọn wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá gba 1,3 lè di dókítà. Ẹni tó bá gba 1,9, tó mọ gbogbo ohun tí ti àkọ́kọ́ mọ̀ àfi ìbéèrè díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kó lọ wá nǹkan mìíràn kọ́. Nítorí náà, ìbéèrè tó wà níwájú mi kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni dáadáa. Ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní oókan ni mò ń wá.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mò ń gbé, ní àdúgbò Wedding ní Berlin. Mọ́mì Berlin ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n, nítorí pé Mọ́mì Ìbàdàn wà, Mọ́mì Abẹ́òkúta náà sì wà. Ilé àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wà nídìí tábìlì nítorí pé ilé-ìwé ti gba ìsinmi.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Hamburg náà ti gbà mí.”

Wọn ò ka lẹ́tà náà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e. “Olúwa ṣeun. Ilẹ̀kùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà.”

“Ọ̀kan ni mo lè gbà wọlé, mà.”

“Mo mọ̀. A máa bèèrè èwo ni lọ́wọ́ ẹni tó ṣí i.”

Ọmọ wọn ò gbójú sókè. Ó sọ ọ́ ní Jámánì pé ní Hamburg, ojoojúmọ́ ni òjò ń rọ̀.

“Ta ló sọ fún ọ?” ni Mọ́mì Berlin wí.

“Wetter-App,” ni ó wí, ìyẹn ohun tó ń sọ ojú ọjọ́ lórí fóònù.

Èmi náà ń bèèrè ní tèmi. Ọjọ́ méjì ni mo fi pe ẹni mọ́kànlá tí mo mọ̀, tàbí tí ẹni tí mo mọ̀ mọ̀. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló ní Hamburg rọrùn, pé bí ẹni ń pín súìtì ni wọ́n ṣe ń pín oókan níbẹ̀. Mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè bó ṣe mọ̀. Méje nínú wọn dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo, àwọn méjì yòókù ò rántí ẹni tó sọ fún wọn. Mo wá nọ́ńbà ẹni náà. Ó gbé e nígbà kejì tí mo pè.

“Hamburg? Àbúrò, Hamburg dára gan-an ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, máàkì wo lẹ gbà jáde?”

“Èmi? Mi ò dúró parí o. Oṣù mẹ́ta ni mo lò, iṣẹ́ yọjú.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ẹnikẹ́ni ò yọ mí lẹ́nu.”

Ti Berlin, ẹnì kan ni mo rí tó parí níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ní kíláàsì wọn le, kì í ṣe nítorí olùkọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni. Nígbà tí àìsàn dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tọrọ ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọ̀rẹ́ náà sì fún un, ṣùgbọ́n ojú ewé tó ṣe pàtàkì jù ni kò sí nínú rẹ̀. Mo bi í bóyá ó rò pé Hamburg yàtọ̀. Ó ní òun ò dé Hamburg rí.

Ohun tí mo ní lọ́wọ́ nìyẹn: ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ṣe ìdánwò, àti ọ̀rọ̀ ẹni tó rí apá kan ṣoṣo. Ọ̀kankan nínú wọn ò tó láti gbé ọdún kan lé. Mo bá pa ọ̀rọ̀ máàkì tì, mo wo ohun tí mo lè kà fúnra mi. Nílé Mọ́mì Berlin, èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, àti lọ́jọ́ Àìkú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú. Èmi ni mò ń kọ́ ọmọ wọn ní ìṣirò. Yàrá méjì la ní, nínú palọ̀ ni mo sì ń sùn, tí ẹgbẹ́ aládùúrà ń kóra jọ sí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní Hamburg, wọ́n fi ìwé kan há inú lẹ́tà pé yàrá kan wà fún mi ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí kíláàsì. Mo kọ wákàtí ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún ìhín àti ọ̀hún, mo sì rò wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun fi máa dé, mo ti mú Hamburg.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó gbà á sílé pé ilé rẹ̀ ló ń dí òun lọ́wọ́.

Ní Ọjọ́rú mo lọ sí kíláàsì èdè Jámánì ní Neukölln. Nígbà tí mo padà dé, fáìlì tí mo kó lẹ́tà méjèèjì sí ṣófo. Mọ́mì Berlin wà ní kíṣìnnì, wọ́n ń gé àlùbọ́sà.

“Mo ti gbé wọn lọ,” ni wọ́n wí kí n tó béèrè. “Ìsìn ọ̀sán. Bàbá Alàgbà ti ta òróró sí wọn, wọ́n wà lórí pẹpẹ, lábẹ́ Bíbélì. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, a máa mọ èwo ni.”

Ohun tí wọ́n ṣe kì í ṣe tuntun ní ìjọ wa. Ìwé ìrìnnà ti sùn lábẹ́ Bíbélì yẹn, ìwé ilé-ẹjọ́ náà ti sùn síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò oyún inú. Ohun tó ká mi lára ni ọjọ́.

“Ọjọ́ Ẹtì, agogo méjìlá ọ̀sán, ni Hamburg ní kí fọ́ọ̀mù tó wà nínú lẹ́tà yẹn wọlé, mà. Wọn kì í gba fọ́tò rẹ̀. Ojúlówó ni.”

“Wọ́n á sún un.”

“Mà?”

“Ọjọ́ tí wọ́n dá. Wọ́n á sún un síwájú. Ìgbà tí o fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé nílé, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n sún ọjọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà.”

“Ó dáa.”

“Mama, das ist Deutschland,” ni ọmọ wọn wí láti palọ̀, pé Jámánì la wà yìí.

“Deutschland náà, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà.”

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti wà ní Jámánì nígbà náà. Owó ilé wọn ò pẹ́ rí, wọn ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilé-ìwé, ọjọ́ ilé ni wọ́n ń kà, ọjọ́ tí ó máa ń sún. Mi ò lè bú wọn. Èmi fúnra mi, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọjọ́ yẹn nínú lẹ́tà, mo ti rò ó pé ọ̀sẹ̀ kan sí i á wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ewé kejì ló là mí lójú: ohunkóhun tó bá dé lẹ́yìn aago yẹn, wọn ò ní wò ó, ẹni tó kàn nínú ìwé ni wọ́n máa fi rọ́pò mi.

Ọjọ́ ti Berlin, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni. Bí lẹ́tà méjèèjì bá wà lórí pẹpẹ di ọjọ́ Àìkú, yíyàn ti parí nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yan nǹkan kan. Mo bi ara mi bóyá Mọ́mì Berlin mọ ìyẹn nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ. Mi ò rí ẹ̀rí kankan. Mo fi èrò náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò fi mí sílẹ̀.

Bàbá Alàgbà tó ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé ní Marzahn, lápá ìlà oòrùn Berlin, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́: òun ló ń bójú tó ilé gíga mẹ́ta. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ mo bá a lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn, ó ń fi rọ́bà omi fọ ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà.”

“Ṣé ẹ̀rọ ohùn ló tún bàjẹ́?”

“Rárá, sà. Lẹ́tà mi tó wà lórí pẹpẹ ni. Mo fẹ́ gbà á lónìí.”

Ó pa omi. “Ta ló gbé e wá?”

“Mọ́mì ni, sà.”

“Ẹni tó bá gbé nǹkan sórí pẹpẹ ló ń ní ká gbé e kúrò. Tí mo bá fún ọ, tí wọ́n sì dé lọ́jọ́ Àìkú tí wọn ò bá a níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí? Pé áńgẹ́lì ti kó o lọ sí Hamburg?”

“Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n, sà.”

“Pè wọ́n. Fi sí gbangba, kí n gbọ́.”

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n wà, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán àti ti òru pọ̀ lọ́jọ́ náà. Mò ń gbọ́ ìró aago tí àwọn arúgbó fi ń pe òṣìṣẹ́.

“Marzahn? Kí lo wá lọ sí Marzahn?”

“Mo fẹ́ gba lẹ́tà náà, mà. Mo fẹ́ mú un lọ sí Hamburg láàárọ̀ ọ̀la.”

Aago yẹn dún lẹ́ẹ̀mejì.

“Hamburg lo mú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ọlọ́run ló sọ fún ọ?”

“Rárá, mà. Wákàtí ni mo kà.”

“Wákàtí kí ni?”

Mo ti to èsì kan sílẹ̀ nínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin tó gbé mi wá, èsì tó dára, tó dá lórí ìwé àti olùkọ́. Òótọ́ ni mo sọ dípò rẹ̀. “Wákàtí tí mo lè fi kàwé, mà. Kò tó nílé.”

Alàgbà yí ojú sí ẹnu rọ́bà rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé ó jò.

“Nílé mi,” ni Mọ́mì Berlin wí.

“Ẹ má bínú, mà.”

“Ṣé mo ní mò ń bínú? Bàbá Alàgbà, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ẹ fún un. Ẹ kó méjèèjì fún un.”

Fóònù gé. Alàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ká rọ́bà náà. “Wọn ò bínú,” ni ó wí. “Tí wọ́n bá ń bínú, ọ̀rọ̀ wọn máa ń pọ̀ ju báyìí lọ.” Mi ò ní ọ̀nà tí mo lè gbà mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Agogo márùn-ún ni iṣẹ́ rẹ̀ tó parí, a sì jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Wedding. Gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé ni ìjọ wa háyà. Ó tan iná, ó forí balẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó gbé Bíbélì sókè. Lẹ́tà ti Berlin wà nísàlẹ̀, ó gbẹ, àbàwọ́n kékeré kan ló wà létí rẹ̀. Ti Hamburg wà lókè rẹ̀, òróró sì ti mu ún láti orí dé ìdí. Mo lè ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ láti iwájú.

“Mo da á sí ìyẹn dáadáa,” ni alàgbà wí. “Ibi tó jìnnà ló nílò rẹ̀ jù.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. 

Nílé, mo fi bébà ìnuwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fa díẹ̀. Ọmọ Mọ́mì Berlin ní kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Mo rò ó, mo sì ní rárá. Mo gbìyànjú láti fọwọ́ sí ibi tí wọ́n fi ìlà sí. Bíírò ò kọ, ńṣe ló ń yọ̀ lórí òróró, ó fi ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ níbi tí orúkọ mi yẹ kó wà. “Schön,” ni ọmọ náà wí, èyí tó túmọ̀ sí pé ó rẹwà. Ó rí ojú mi, ó lọ sí yàrá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Mọ́mì Berlin ti ibi iṣẹ́ dé bí mo ṣe ń so okùn bàtà. A pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

“O ti jẹun?”

“Mo ti jẹ búrẹ́dì, mà.”

Wọ́n kọjá sínú. Mo gbé báàgì mi kọ́ apá, mo sì jáde. 

Tíréènì tí mo wọ̀ yẹ kó dé Hamburg kí agogo mẹ́wàá tó lù. Ó dúró sínú pápá kan lọ́nà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ ní wọ́n ń tún nǹkan ṣe níwájú, kò sọ ìgbà tó máa parí. Mo gbé ìwé náà lé orúnkún, nínú ike, mo ń wo aago. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé, ó wá sí mi lọ́kàn pé ó ṣeé ṣe kí n ti ka wákàtí mi dáadáa kí n sì pàdánù nítorí wákàtí kan. Ti Berlin ṣì wà nínú báàgì mi. Mo lè dákẹ́, kí tíréènì yàn fún mi. Mo rántí pé mo ro ìyẹn, nítorí pé ìtura ló bá a wá, ìtura náà ò sì dùn mọ́ mi.

Agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méjì la dé. Mo sáré. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì náà, ó ti di mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹni mẹ́ta sì wà níwájú mi. Nígbà tó kàn mí, obìnrin tó wà nídìí tábìlì yọ ìwé náà nínú ike, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

“Kí ni èyí?” Jámánì la fi ń sọ ọ́.

“Òróró ni.”

“Ti oúnjẹ?”

Ó rọrùn láti ní bẹ́ẹ̀ ni. “Rárá. Wọ́n gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.”

Ó yọ awò ojú rẹ̀. “Kí o lè wá síbí, àbí kí o má baà wá?”

“Kí a lè mọ èwo ló dára, ibí tàbí Berlin.”

“Ibí ló sì bọ́ sí.”

“Èmi ni mo yàn án,” ni mo wí. Mi ò mọ ìdí tí mo fi fẹ́ kó mọ ìyẹn.

Ó gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ lu ìwé náà. Yíǹkì rẹ̀ tàn bí ìkùukùu, kò ṣeé kà. Ó wò ó díẹ̀, ó yí sí kọ̀ǹpútà, ó tẹ nǹkan, ẹ̀rọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ fọ́ọ̀mù tuntun jáde. “Kọfí ló máa ń dà sí i jù,” ni ó wí. “Ìwé ìrìnnà rẹ ni mo nílò. Fọwọ́ sí i níbí.”

Mo fọwọ́ sí i ní agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mo ti bi ẹni mọ́kànlá nípa máàkì, mo ti lọ dúró lẹ́yìn ilé ní Marzahn, mo ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi gún ẹni tó gbà mí sílé. Mi ò pe ọ́fíìsì yẹn rí láti bèèrè bóyá wọ́n ní fọ́ọ̀mù mìíràn.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n ń pín oókan bí súìtì: èsì ìdánwò Kẹ́mísírì àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbẹ̀, ẹẹ́ta ni. Wọn ò pín nǹkan kan. Yàrá wà lóòótọ́, wákàtí sì wà, mo lò wọ́n. Ohun tí mi ò kà mọ́ wọn ni ohun tí kíláàsì tí gbogbo ènìyàn ti ń wá oókan lè sọ ènìyàn dà. Ní oṣù kẹrin tí mo débẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jókòó lẹ́yìn mi, bi mí bóyá mo ní ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá. Ó wà nínú báàgì mi, láàárín ẹsẹ̀ mi. Mo sọ fún un pé mi ò ní in.

Mọ́mì Berlin ò dá ọ̀rọ̀ Marzahn sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ń pè mí ní gbogbo Àìkú lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sì máa ń bèèrè bóyá mo ti jẹun. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí pé, “Ká ní Berlin lo wà ńkọ́?”

“Mi ò mọ̀, mà.”

“Ìwọ àti mi-ò-mọ̀ rẹ yìí,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fún ọmọ wọn ní fóònù.

Mi ò mọ̀ títí di òní. Mo ti parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn báyìí, ìgbà kejì tí mo bèèrè ni yunifásítì gbà mí, ìwé èsì tí mo gbà ní Hamburg ni mo sì fi wọlé. Bóyá Berlin ì bá ti fún mi ní èyí tó dára jù ú lọ, tàbí èyí tó burú jù, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi.

Ohun tí mo rí nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí èsì jáde, wọ́n tò wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jáde pẹ̀lú ìwé mi lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta: 1,4. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jókòó lẹ́yìn mi ló wọlé tẹ̀ lé mi. Nígbà tó jáde, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ka tirẹ̀, ó ká a sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin, ó fi sí àpò ẹ̀wù. Ó kí mi kú oríire. Mi ò rí ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, mi ò sì bèèrè.